Orin Tí Akọrin Rẹ̀ Kò Dé

Ọmọ mi Ṣèyífúnmi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ Hánà kí ọ, gbogbo Awoye ló ń kí ọ. Kí Olúwa tó ń gbé wa lórí omi tí a kò rì máa gbé ọ sókè ní Àbújá, níbi tí wọ́n ní èèyàn lè lo ọdún kan láìfojú kan òkun. Ara wa le. Omi tún ti jẹ díẹ̀ lára ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n ilé ṣì dúró.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí o fi sílẹ̀ fún mi ni mo fẹ́ sọ. Orin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n tẹ̀ nínú rẹ̀ ni èyí tí o máa ń gbọ́ bí o bá ń gbálẹ̀, tí gìtá ń ké bí irin, tí ìlù kọ̀ǹpútà ń sá tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo jókòó, mo ń retí kí akọrin dé. Kò dé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bóyá ọkọ̀ ló fi í sílẹ̀. Nígbà tí kò tún dé lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wòlíì bá mi gbàdúrà fún akọrin kan tí ohùn rẹ̀ há. Ó bi mí lórúkọ rẹ̀, mo ní n kò mọ̀. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Kingsley aládùúgbò wa lọ pẹja. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́kàánkán Abereke, kùrukùru sì bo ojú omi, a kò rí ilẹ̀ mọ́. Kingsley fa okùn ẹ́ńjìnnì títí apá fi ro ó, ó pariwo, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo ní ibo ló ń lọ nínú kùrukùru yìí. Ẹ̀rù bà mí, mo bá tẹ orin rẹ, nítorí bí n bá máa kú, mo fẹ́ kí nǹkan tó jẹ́ tìrẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ṣé o mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń dákẹ́ láàárín, tó ku ohùn tín-ín-rín kan tó ń kán bí omi nínú ọkọ̀? Ọkàn mi máa ń dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà gìtá àti ìlù á jí papọ̀, bí ẹ́ńjìnnì tí o ti fa okùn rẹ̀ títí tí ó sú ọ, tó wá dáhùn lójijì. Ìdí tó fi dùn nìyẹn, ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, á jẹ́ kí àárò rẹ̀ sọni, kó tó dá a padà. Bí kò sì ti sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ààyè wà fún mi láti máa fi orúkọ rẹ sí i.

Godwin, apẹja ará Abereke, ló gbọ́ orin náà nínú kùrukùru lọ́jọ́ náà. Ó ní òun rò pé ẹ́ńjìnnì tuntun kan ló ń dún, òun fẹ́ wá béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ó so wá mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fà wá délé. Ìyá rẹ sunkún, ó sì jókòó gbọ́ orin náà dópin.

Kingsley ní kí n fi orin náà sínú fóònù òun. Mo kọ̀, mo ní bó bá mú un lọ, kí ló máa kù fún mi? Nígbà tó bẹ̀ mí títí, mo gbà. Ó mú un, tèmi sì ṣì wà níbẹ̀. Mo tún un gbọ́ bóyá ó dín. Kò dín. Àmọ́ nígbà tí Àbújá mú ọ, kò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wa.

Jọ̀wọ́, bá mi ra ṣájà. Bí owó díẹ̀ bá wà fún ìyá rẹ, má ṣe fi í gba inú fóònù wá, nítorí ààyè inú rẹ̀ kéré, n kò fẹ́ kó ti orin jáde. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Kí ojú rẹ rí ire, kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣì ọ̀nà, kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ padà wálé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlábọ̀dé