Èéfín tó ń mú Màámi lójú ọ̀nà ilé-ìwòsàn

Boundary, Ajégúnlẹ̀,
Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé òtútù Manchester ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Ọ̀rọ̀ Màámi ni, ìyá yín, tí ẹ̀yin àti Àǹtí Sàlímọ́tù, ẹ̀gbọ́n yín, fẹ́ kó kúrò nílé wọn lọ sí Ìsẹ́yìn nítorí pé wọ́n ń ṣarán.

Ẹ rántí iná ẹ́ńjìnnì tí mo ní ó ń tàn nínú Corolla yín. Mo fi skánà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìyẹn ìkòkò irin abẹ́ ọkọ̀ tó ń sẹ́ èéfín kó tó gba sàlẹ́ńsà jáde. Mo ní kí Lucky, mẹkáníìkì wa, bá mi wá òmíràn kíá.

Lucky bú sẹ́rìn-ín. "Sister Ruqoyah, scanner no be doctor o! Ó kàn sọ ibi tó ń dun ọkọ̀ ni, kò sọ ohun tó ń ṣe é." Ó fi àkísà tútù dí ẹnu sàlẹ́ńsà, ó ní kí n ṣáná sí ọkọ̀, ó wá ń da omi ọṣẹ sí páìpù. Níbi kan tí wẹ́dà ti jó tẹ́lẹ̀, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó yeeye. Kò sí ohun tó ṣe kátálíìsì. Páìpù ló lu, afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ.

Mo fẹ́ máa dúpẹ́, àmọ́ Lucky kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sókè. Rọ́bà tó dí ihò ilẹ̀ ọkọ̀ ti yọ dànù, ihò náà sì dojú kọ ibi tí páìpù yẹn ti lu gan-an, èéfín ń gbà á wọ inú ọkọ̀. "Who dey sit down here?"

Màámi ni, Bàbá mi.

Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn ní Àpápá nítorí òòyì àti ẹ̀fọ́rí. Wọ́n á ní, "Ruka, ṣí fèrèsé, èémí mi ò já geere." Èmi á ní, "Màámi, eruku tírélà pọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́sì fẹ́ yín." Tí a bá fi máa débẹ̀, wọn ò ní mọ ọjọ́ tí a wà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe ń bá wọn. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, orí wọn á ti pé padà, wọ́n á ti máa fi gbogbo ará ilé ṣe yẹ̀yẹ́. A ò bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀! Orí ń fọ́ èmi náà, mo ní oòrùn Èkó ni. Ibi tí èéfín yẹn ti burú ni pé gáàsì inú rẹ̀ tó ń da orí rú kì í rùn. Èmi tí ẹ rán lọ kàwé lókè òkun, èmi ni mo ti fèrèsé mọ́ ìyá yín.

Lucky ti jó páìpù náà, ó ti dí ihò, iná ti kú. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Marwa la wọ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Mo ro ẹjọ́ mi fún dókítà. Ó bi Màámi ní ìbéèrè tó fi ń wò ó bóyá orí wọn pé, wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n sì bi òun náà pé kí ló dé tí kò tíì gbéyàwó. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má gbé wọn lọ síbì kankan ná.

Ẹ bá mi pe Àǹtí. Kí ẹ sì pe Màámi fúnra yín, ẹ má rán mi.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Ruqoyah.

Àfikún: Mo ti jẹ́wọ́ fún Màámi. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tú gbogbo ẹrù tí Àǹtí Sàlímọ́tù ti bá wọn dì. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé òfìfo báàgì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá ń lọ sí Ìsẹ́yìn.