Búrẹ́dì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sílé

Ọjọ́ Àìkú, Mafolúkù

Inú ṣì ń bí mi. Láti ìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi tó sì padà sí Ìsẹ́yìn, kò lè pè mí fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló rán wá mú mi.

"Ìyàwó, di ẹrù ẹ. Obìnrin kì í dá gbé Èkó."

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní ọjà Aswani ńkọ́? Wọn ò tiẹ̀ béèrè.

Mo di báàgì kan, mo gbé e tẹ̀ lé wọn dé gáréèjì Òṣòdì. Wọ́n wọkọ̀, wọ́n ní kí n wá jókòó. Mo gbé báàgì náà lé wọn lẹ́sẹ̀. Búrẹ́dì ló kún inú ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ dáadáa.

"Bùọ̀dá, ẹ bá mi kí ilé o. Ẹ sọ fún ọkọ mi pé ibi tó mú mi wá ni mo ṣì wà."