Orúkọ Tí Mo Sọ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ọ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Inú èmi ìyàwó ọ̀ṣìngín ń dùn! Olówó orí mi, Màmá tó bí i àti èmi ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn tọdún yìí. Ọ̀fìnkìn èṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Màmá lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé láti Odigbo, ó ń yínmú: "Ìyàwó, abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún? Nítorí ọ̀fìnkìn?"

"Ọ̀fìnkìn a máa yí padà, Bọ̀dá mi. Ṣebí ọdọọdún lẹ̀ ń fín oògùn sí kòkó yín?"

"Kòkó yàtọ̀, owó ni!" Ló bá sín sínú ọbẹ̀ Màmá.

Òpè! Ó mọyì kòkó ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Bó ṣe lọ tán, mo sọ ọ́ ní Asínsọ́bẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn ni àwọn máa kọ́kọ́ fi pè é.