Apá Kejì Tí Mo Kó Sára Báàjì

Ọjọ́bọ̀, Jonesboro

Mo sùn sábẹ́ tábìlì ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Mo fọ abọ́ ní Marietta nígbà òtútù. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, síbẹ̀ ta ló lè kó iṣẹ́ sáṣọ bíi tèmi ní gbogbo Atlanta?

Èmi yìí ni Bísí, nọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa, wá bá wí lónìí! Ó ní kí n kó báàjì ọmọ ogun òfuurufú ayé àtijọ́ sáṣọ, ti bàbá ńlá ọkọ rẹ̀. Apá ẹyẹ kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́tò báàjì tó fún mi. Mo rò pé fọ́tò ló ya. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò, mo bá fi èkejì kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí Bísí ṣe rí i, ó ní: "Ah, Daddy! Ẹni tó ń wa bàálù ló ń gba apá méjì. Ẹ̀yìn ni bàbá yẹn ń jókòó sí, tó ń ṣọ́ ibi tí ọ̀tá wà. Apá kan ló ṣiṣẹ́ fún. Ẹ wá fẹ́ sọ olóògbé di òpùrọ́!"

Inú ń bí mi. Òwú fàdákà yẹn, ojú mi tó ń ro mí...

Òótọ́ ló sì sọ. Èmi náà kì í fẹ́ rí ẹni tó ń jẹ oyè tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Tí mo bá tú u, ihò abẹ́rẹ́ á hàn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá kó òmíràn sáṣọ tuntun, apá kan ṣoṣo, màá sì gbé e lọ bá a nílé rẹ̀ ní Suwanee fúnra mi. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ o.