Sùtánà Tí O Fẹ́ Wọ̀ Lọ sí Gáná

Raphael ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bàrígà? Ṣé omi ọ̀sà kò tíì wọ yàrá tí o gbà ní Ìlàjẹ níbẹ̀? Olúwa kò ní jẹ́ ká gbúròó ibi nípa ara wa. Ara wa le níbí, àfi òkun tó tún ti gbé ẹ̀yìn ilé ìdáná wa lọ, a ti sún ààrò tí a fi ń yan ẹja síwájú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dà mí láàmú. Láti ọjọ́ tí o ti ní Gáná lò ń lọ, mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde, bí mo bá gbé ìkòkò kaná, màá tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gáná yìí náà ni bàbá rẹ gba orí òkun lọ pẹja nígbà tí o ṣì ń rákòrò, a ò sì tíì rí wọn di òní.

Fọ́tò àti fídíò tí o fi ránṣẹ́ ti dé. O ní Nàìjíríà àti Gáná fẹ́ figagbága nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, pé irú ìrìn àjò yìí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń bára wọn fà á. Mi ò mọ ìjọ Kíríkẹ́ẹ̀tì yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí gbogbo yín nínú aṣọ funfun, ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀, nítorí aláṣọ funfun náà ni wá nílé wa. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ wọ bàtà mọ́ sùtánà? Nǹkan pupa wo ló sì ta sí aṣọ àwọn kan nínú yín yẹn? Ẹ tún dúró lójú kan pẹ́ débi pé mo ń gbọn fóònù, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló dá yín dúró.

Mo gbé e lọ bá Wòlíì Bámilóyè. Wọ́n ní igi mẹ́ta tí ẹ rì mọ́lẹ̀ yẹn, Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni, ìwọ lo di ọ̀pá mú tí ò ń ṣọ́ wọn. Inú mi dùn. Àfi bí ẹnì kan ṣe sáré wá tó sọ̀kò lù ọ́ lẹ́sẹ̀, gbogbo ìjọ pariwo, àgbà ìjọ na ìka kan sókè ọ̀run, ìwọ tí wọ́n sọ̀kò lù ni wọ́n lé jáde. Raphael, ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀? Wòlíì ní ká gbààwẹ̀, a ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó àbẹ́là àti ti dátà ránṣẹ́. Ìyá Níní tó ń kó ẹja láti ọ̀dọ̀ wa wá sí Ìlàjẹ yín ní Bàrígà ni kí o fún, torí èyí tí o ní o fi sínú fóònù níjọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà, mi ò rí kọ́bọ̀.

Olúwa tó ni omi tó ni ilẹ̀ yóò mú ọ lọ, yóò mú ọ bọ̀. Bí o bá rí bàbá rẹ létí òkun níbẹ̀, àpá ìwọ̀ wà lágbọ̀n wọn, dọ̀bálẹ̀ kí wọn, má bá wọn jà. Sọ pé mi ò bínú mọ́. Bí wọn kò bá fẹ́ tẹ̀lé ọ wálé, má dúró bẹ̀ wọ́n. Ìwọ ṣáà máa bọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Sabina