Má Tíì Ta Kọ̀ǹpútà Tí Ohùn Bàbá Yín Wà Nínú Rẹ̀

Ọmọ mi,

Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà tí àbúrò rẹ obìnrin ti sọ pé o fẹ́ ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ. Jọ̀wọ́, má tíì tà á.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún mi ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀, a sì ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò rẹ ṣí orin tí ẹ gbà sílẹ̀ pẹ̀lú bàbá yín kó tó kú. Gbogbo rẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò jáde. Ó ní, "Màmá, ibi tí ohùn wà nìkan ni fáìlì yìí mọ̀. Ohùn gan-an wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ Bùrọ̀dá."

Èmi ni mo fà á. Lọ́jọ́ tó o ń lọ, tó o fẹ́ kó gbogbo ohùn náà sílẹ̀ fún wa, èmi ni mò ń pariwo pé, "Fáìlì tó kéré yẹn ti tó, mọ́tò ń dúró!" MP3 tó o fi sílẹ̀, tí ẹ ti pa gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan, ṣì ń dún, àmọ́ gìtá ti bo bàbá yín mọ́lẹ̀, a ò sì lè yọ ohùn rẹ̀ kúrò lára gìtá. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́, títí kan ikọ́ tó wú kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì, èyí tẹ́ ẹ ní ẹ máa gé dànù.

Àbúrò rẹ ní kó o kó gbogbo ohùn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, sínú fódà kan ní WAV, èyí tí kì í fún ohùn pọ̀, kó o sì fi ránṣẹ́ sí wa.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ fún mi. Tètè kọ̀wé sí mi, kódà bó o bá ti tà á.

Màmá rẹ