Ọ̀pá Tí Yóò Ṣí Ilẹ̀kùn Iwájú

Ilé wa, Ìkìrun

Fìyìnfólúwa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa tó ń ṣọ́ yín ní Èkó kò ní gbójú kúrò lára yín. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀, iṣu Ìbà sì ti wọ ọjà.

Mo rí fótò ọ̀pá irin méjì tí o fi ránṣẹ́ pé kí n yan èyí tí Adédùntán, oníṣẹ́ iná láti Inísà, yóò fi pààrọ̀ èyí tó ń fi iná ti ilẹ̀kùn iwájú ṣí fúnra rẹ̀, tó sì ń fà á padé. O ṣeun tí o kò fẹ́ kí n máa dìde lọ ṣílẹ̀kùn mọ́. Ṣùgbọ́n àlejò wa ni ká kọ́kọ́ rò.

Lọ́sàn-án, bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, n kò ní rí ẹnì kan. Adédùntán ní ewúrẹ́ ló ń kọjá níwájú ojú kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn, tó máa ń ṣí i bó bá ti rí ẹni tó ń bọ̀. Mo wo ìta, kò sí ewúrẹ́. Ṣé a lè ṣílẹ̀kùn fún èèyàn ká má kí i ni? Mo ní ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó. Nígbà tó tún ṣí, mo mọ̀ pé ó ń lọ, mo ní kó bá mi kí àwọn ará ilé rẹ̀. Keziah tí ilé rẹ̀ kan tiwa bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo ní kó wọlé wá kí i. Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ló ti ń kí mi.

Àlejò náà jíṣẹ́ mi fún àwọn ará ilé rẹ̀ o. Lọ́jọ́ ìsinmi, ilẹ̀kùn ṣí, kò padé bọ̀rọ̀, ọ̀pá náà ń gbọ̀n, ilé sì tutù. Mo gbé gbogbo àga síwájú, mo sì dìde dúró fún wọn títí.

O ní ọ̀pá kúkúrú ló wù ọ́ torí ó yára. Rárá o. Ààbọ̀ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn, wọn á máa fẹ̀gbẹ́ wọlé bí ẹni tí a kò fẹ́, yóò sì gbá ẹni tó kẹ́yìn ní gìgísẹ̀. Ìwọ wà ní Èkó, èmi ni mo wà pẹ̀lú wọn. Má jẹ́ kí n ṣẹ̀ wọ́n. Èyí tó gùn, tó lágbára, tó ń rọra, ni kí o rà, kí o sì fi owó ránṣẹ́ kí n ra àga kún àga ní Òkukù.

Olúwa yóò mú ìwọ náà bọ̀ wálé láyọ̀. Mo ka àdúrà yìí sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́, nínú pálọ̀ níbi tí mo dá jókòó sí. Àmín tí mo gbọ́ pọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéjọkẹ́